Ìwé Kò Tán Lọ́jọ́ Tá A Wọ Bàlúù

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó ilé àti owó iná sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ká sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń jẹ ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn, àmọ́ tá a kì í fẹ́ sọ síta. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni. Kì í ṣe tàwọn ọmọ o. Tàwa òbí gan-an ni.

Ọ̀pọ̀ wa ló gba HND tàbí digiri nílé ká tó dé ìlú yìí. Ìwé ẹ̀rí náà wà nínú fáìlì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tá a dé, iṣẹ́ tá a kọ́kọ́ rí la mú: sikiọ́rítì, títọ́jú arúgbó, gbígbá ọ́fíìsì lóru. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ibi tí wàhálà wà ni gbólóhùn kan tá a máa ń sọ: "Ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná, màá padà sílé ìwé." Ọdún kan lọ, ọdún márùn-ún lọ. Ọmọ tá a pọ̀n wá ti ń ṣe GCSE, ẹsẹ̀ wa kò tíì múlẹ̀.

Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mò ń ṣe. Nílé, COREN tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1970 ló ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀. Níbí, ẹnikẹ́ni lè pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà, títí kan ẹni tó wá tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe. Oyè tí òfin dáàbò bò ni Chartered Engineer, Engineering Council ló sì ń bójú tó o. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ń wò: ìmọ̀ téèyàn ní, bó ṣe ń fi ìmọ̀ náà yanjú ìṣòro, bó ṣe ń darí iṣẹ́, bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, àti bó ṣe ń pa ìlànà iṣẹ́ mọ́. Digiri kejì tí mo gbà níbí, ọ̀kan péré ló dáhùn dáadáa nínú márààrún. Ẹni tó bá tiẹ̀ gba oyè náà tán, wọ́n ṣì ń retí pé kó máa ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ń kọ́. Bí ẹni tó ti débẹ̀ bá ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́, kí wá ni àwa tá a wà lọ́nà ń dúró dè?

Ẹ má sọ pé kò sí ibi tá a ti lè kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká mú Forest Hill nìkan. Ilé ìkàwé kan wà ní Dartmouth Road, láti 1901 ló ti wà níbẹ̀. Nígbà tí owó káńsù kò tó mọ́ ní 2016, àwọn ará àdúgbò ló yọ̀ǹda ara wọn tí wọ́n gbà á tọ́jú, kó má bàa kú. Ní Brockley Rise, káńsù Lewisham ní ibi tí àgbàlagbà ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí kò bá ní GCSE tó yanjú nínú ìṣirò tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba lè san owó ẹ̀kọ́ náà fún un, bí ìwé ìgbélùú rẹ̀ bá ti bófin mu. Ẹ lọ béèrè. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó bá sì fẹ́ digiri láì fiṣẹ́ sílẹ̀, Open University ń bẹ, tó gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní 1971. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ digiri wọn ni kò béèrè ìwé ẹ̀rí kankan kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀. Láti 2006 ni wọ́n sì ti ń gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, OpenLearn lorúkọ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o. Àwọn kan ń pín ìwé ìpolówó kiri Rye Lane pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lèèyàn fi ń gba dípúlómà. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo àkójọ Ofqual lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá orúkọ ìwé ẹ̀rí náà wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ìwé ẹ̀rí tẹ́ ẹ gbà wá láti ilé ńkọ́? UK ENIC, tó rọ́pò NARIC ní 2021, ló ń sọ ohun tó bá dọ́gba níbí. Ẹ yọ fáìlì yẹn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mi ò ráyè" ni ọ̀rọ̀ tó kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ. Bọ́ọ̀sì 197 láti Peckham wá sí Forest Hill kì í yára láàárọ̀. Ká ní ogún ìṣẹ́jú péré la fi kàwé nínú rẹ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, àádọ́ta ọ̀sẹ̀ lọ́dún. Ìṣẹ́jú 5,000 nìyẹn, ó lé ní wákàtí 83. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Àwọn tó ṣáájú wa náà kò ráyè. Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé London ní 1922 láti kọ́ òfin. Kò rọrùn fún un, nítorí owó kò tó, ọ̀pọ̀ onílé kì í sì í fẹ́ gba èèyàn dúdú. Síbẹ̀, ní 1925, òun àti Bankole-Bright ará Sàró dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀. Nígbà tó di 1933, ẹgbẹ́ náà ti ní ilé tiwọn ní Camden Town, níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ń gbé, tí wọ́n ti ń kàwé, tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ilé. Wọ́n jọ gbé ẹrù ara wọn ni.

Ìyẹn ló mú mi dé inú ilé tiwa. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó lọ kọ́ nọ́ọ̀sì, ọkọ ń ṣiṣẹ́ òru, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó jókòó sọ ìgbà tó máa kan ọkọ. Ìlara dé, ìjà tẹ̀ lé e. Ní ilé míì, ọkọ ti gba digiri kẹta, ìyàwó ṣì ń dáná lálaalẹ́. Ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló kàn, títí dìgbà wo, ta ni yóò mú àwọn ọmọ nílé ìwé? Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Tuesday ni kíláàsì ìyá, kí bàbá ro àmàlà.

Ẹ má sì tijú kíkọ́ ọgbọ́n lọ́wọ́ ọmọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ mú wọn lọ sí Horniman Museum lójú London Road, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ní oṣù kọkànlá 2022, ilé yẹn dá ohun 72 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Ìbíní ní 1897 padà fún Nàìjíríà láti jẹ́ oní-nǹkan. Bí ọmọ bá bi yín pé, "Daddy, kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1897?", kí lẹ máa sọ? Ẹ ka ìtàn náà kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ fún wọn lédè Yorùbá. Ẹ̀yin àtọmọ lẹ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ra ìwé kékeré kan. Lálẹ́ ọjọ́ Sunday kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun kan tẹ́ ẹ kọ́ lọ́sẹ̀ náà sínú rẹ̀, ìbáà ṣe bí wọ́n ṣe ń ka mítà gáàsì. Bó bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ kà á fún ẹnì kejì yín. Kí Ọlọ́run fún wa lókun. Ó dìgbà kan ná.