Ẹ̀rọ tó ń mi ara àgbàlagbà kó má baà ṣubú: Ohun tó lè ṣe àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí kì í ṣe ti ọgbọ́n nìkan, ó bá ọ̀rọ̀ ìlera mu pẹ̀lú. Ọmọdé tó ṣubú á dìde, á gbọn eruku ara rẹ̀ nù, á sì máa bá eré rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ṣubú lè má dìde àfi bí wọ́n bá gbé e, nítorí pé egungun ìbàdí tó kán lára ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kì í tètè jinná, ọ̀pọ̀ tí irú rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ sí ni kò lè dá rìn mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ló sì pọ̀ jù lọ nínú wọn. Yàtọ̀ sí ikú, ìbẹ̀rù tún wà níbẹ̀. Àgbà tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan a máa bẹ̀rù àtirìn. Bí kò bá rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rọ, bí ẹsẹ̀ bá sì ti rọ, ìṣubú mìíràn ti wà nítòsí nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi ń wá ọ̀nà tí ẹsẹ̀ àgbà yóò fi dúró ṣinṣin. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà náà ni ẹ̀rọ kan tí ènìyàn ń dúró lé lórí, tí yóò sì máa mi ara rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sókè.

Èrò pé gbígbọ̀n lè ṣe ara lóore kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1892, ìlúmọ̀ọ́ká oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé nì, Jean-Martin Charcot, ṣàlàyé pé àwọn tó ní àrùn Parkinson, èyí tó máa ń mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ̀n, máa ń rí ìtura lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rin ìrìn-àjò gígùn nínú ọkọ̀ ojú irin tàbí nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Nítorí ìyẹn ni wọ́n fi ṣe àga kan tó ń gbọ̀n bí ìgbà tí ènìyàn wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Ní àwọn ọdún 1980, Vladimir Nazarov lo gbígbọ̀n láti fi kún agbára àwọn eléré ìdárayá ní orílẹ̀-èdè Soviet Union ìgbà náà. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi ń parí lọ, àwọn ilé-iṣẹ́ ní Jámánì àti Netherlands ti ń ṣe pẹpẹ tó ń gbọ̀n jáde fún títà.

Pẹpẹ náà fara jọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ènìyàn ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ní irin ìdìmú níwájú. Bí wọ́n bá tan án, òmíràn á máa lọ sókè sódò, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bí apá ọ̀tún bá lọ sókè, apá òsì á lọ sílẹ̀ bí ọ̀pá ìwọ̀n. Ó lè gbọ̀n tó ìgbà 15 sí 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ibi tó ń lọ tó ń bọ̀ kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò ṣòro láti yé. Nínú iṣan ènìyàn, Ọlọ́run fi àwọn aṣọ́nà kéékèèké sí ibẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ránṣẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn nígbàkígbà tí iṣan bá nà lójijì. Kí ọpọlọ tó gbọ́, ọ̀pá ẹ̀yìn á ti pàṣẹ pé kí iṣan náà súnkì. Òun náà ló ń mú kí ẹsẹ̀ ta sókè nígbà tí dókítà bá fi òòlù kékeré gbá abẹ́ orúnkún. Bí pẹpẹ bá ń gbọ̀n, iṣan ẹsẹ̀ á máa nà, á sì máa súnkì léraléra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni náà kàn dúró ni. Èyí ṣe pàtàkì, torí ẹni tó kọsẹ̀ kì í ráyè ronú. Iṣan tó bá yára jẹ́ ìpè ló ń gbà á lọ́wọ́ ilẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe iṣan nìkan ló ń gbé ènìyàn dúró. Ojú ń sọ ibi tí ara wà, ohun kan nínú etí ń sọ bí orí ṣe tẹ̀ sí, àtẹ́lẹsẹ̀ àti oríkèé sì ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, gbogbo wọn ló ń dínkù. Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n kò lè tún ojú ṣe, kò sì lè tún etí ṣe. Ẹsẹ̀ àti iṣan ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní retí ohun tí apá ẹ̀rọ náà kò ká.

Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ń fi ìrètí hàn. Ní ilẹ̀ Belgium, àwọn onímọ̀ kan gbé èsì jáde ní ọdún 2005 lórí àwọn àgbà 42 tó ń gbé ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Gbogbo wọn ló ń ṣe eré ìmárale, ṣùgbọ́n wọ́n fi pẹpẹ náà kún ti àwọn kan: ìṣẹ́jú kan lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìrìn àti ìdúró àwọn wọ̀nyí dára sí i ju ti àwọn yòókù lọ. Ní Hong Kong, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 kó obìnrin 710 tó ti lé ní 60 ọdún jọ. Àwọn kan ń dúró lórí pẹpẹ tó ń gbọ̀n jẹ́jẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún oṣù 18, àwọn tó kù sì ń bá ìgbésí ayé wọn lọ bó ṣe wà. Nínú 100 àwọn tó lo pẹpẹ, bíi 19 ló ṣubú tàbí tí egungun wọn kán, ṣùgbọ́n ó tó 29 nínú 100 àwọn tí kò lò ó.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń polówó ẹ̀rọ yìí pé ó ń sọ egungun di irin kò sọ òtítọ́ tán. Ní ìlú Toronto ní Kánádà, wọ́n fi ọdún kan dán an wò lára obìnrin 202 tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró. Èsì rẹ̀, tó jáde ní 2011, fi hàn pé kò fi ohunkóhun kún egungun wọn.

Ewu pàápàá wà níbẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ sí láyà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀, ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni tó ní òkúta nínú kíndìnrín àti ẹni tí wárápá ń ṣe kò gbọdọ̀ gun orí rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá sì ń lò ó gbọ́dọ̀ tẹ orúnkún díẹ̀, kí gbígbọ̀n náà má baà dé orí. Àsìkò kúkúrú ni wọ́n ń lò ó, torí gbígbọ̀n ọlọ́pọ̀ wákàtí wà lára ohun tó ń fún àwọn awakọ̀ akẹ́rù ní ẹ̀yìn ríro.

Kí wá ni kí ọmọ tó wà lókè òkun, tó fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé, ṣe? Kó kọ́kọ́ ronú ná. Ẹ̀rọ náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná mànàmáná, owó rẹ̀ kò sì kéré. Àkójọ ìwádìí 108 tí wọ́n gbé jáde ní 2019, èyí tí ènìyàn tó lé ní 23,000 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé eré ìmárale lásán ń dín ìṣubú àwọn àgbà kù ní ìwọ̀n 23 nínú 100. Èyí tó ń kọ́ ara ní ìdúróṣinṣin ló sì wúlò jù. Kí Màmá máa dìde lórí àga kó tún jókòó lẹ́ẹ̀mẹwàá láìfi ọwọ́ ti ara. Kó dúró lẹ́bàá ògiri, kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè díẹ̀, kí ẹnì kan sì wà nítòsí. Kó máa rìn lójoojúmọ́. Owó tí wọn ì bá fi ra ẹ̀rọ lè ra gíláàsì ojú, ó lè fi irin ìdìmú sí balùwẹ̀, ó sì lè fi iná sí ọ̀nà tó ń gbà lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru. Kí dókítà tún yẹ àwọn oògùn tó ń lò wò, nítorí òmíràn nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn oorun a máa kọ́ àgbà ní òòyì.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ rárá lè lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi eré ìmárale ṣe ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ńlá. Ní UCH n'Ìbàdàn, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fi Olóyè Tony Anenih sọ ti wà láti ọdún 2012. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó sọ bóyá ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n yẹ aláìsàn tàbí kò yẹ ẹ́.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Àgbà tó ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ lójúmọ́, yálà orí pẹpẹ ni o tàbí lẹ́bàá ògiri ilé rẹ̀, ti wo ẹ̀yìn kó tó ṣubú.