Àwọn Ọ̀rọ̀ Kékeré Tí Ń Darí Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà ní ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Bí òwe yìí ti rí nínú èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ tí ó sì kéré jù lọ ni ó sábà máa ń fọ́.

Ìlú àgbẹ̀ ni Ìgànná ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ra oògùn apakòkòrò tàbí oògùn apakoríko lọ́jà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń kọ sí ara ìgò rẹ̀. Bí bàbá kò bá mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, ọmọ rẹ̀ tí ń lọ sí ilé-ìwé ni yóò pè kí ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Small children must not touch the empty bottle,” ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ kéékèèké kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ìgò òfìfo náà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá túmọ̀ rẹ̀ pé kò pọn dandan kí àwọn ọmọ kéékèèké fi ọwọ́ kàn án, ohun tí ẹni tí ó kọ̀wé kò sọ ni bàbá gbọ́ yẹn. Ó lè gbé ìgò náà sílẹ̀ ní àgbàlá, kí ọmọdé sì fi bu omi mu. “Need not” ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tí kò pọn dandan. “Must not” ni ó ń lò fún èèwọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn lè wà nínú ìyàtọ̀ náà.

Irú ọ̀rọ̀ tí “must” jẹ́ ni à ń pè ní aṣèrànwọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Mẹ́sàn-án ni àwọn tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú wọn: “can”, “could”, “may”, “might”, “shall”, “should”, “will”, “would” àti “must”. Yorùbá pẹ̀lú ní tirẹ̀, bí i lè, gbọ́dọ̀, yóò, ní láti, àti yẹ kí. Iṣẹ́ wọn ni láti fi hàn bóyá ohun kan ṣeé ṣe, tàbí ó di dandan, tàbí ó tọ́, tàbí ó ṣì ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀.

Òfin àwọn aṣèrànwọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí kò le. Wọn kì í yí padà nítorí ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀; ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀ lé wọn kì í gba “s” ní ìparí rẹ̀; a kì í sì í fi “to” sí àárín wọn. “She can carry a heavy load” ni ó tọ̀nà, kì í ṣe “She can carries” tàbí “She can to carry”. Ó yẹ kí èyí rọrùn fún ọmọ Yorùbá, nítorí pé bí a ti ń sọ pé “mo lè gbé e” náà ni à ń sọ pé “ó lè gbé e”. Ohun tí ó ń da ọmọ ilé-ìwé rú ni pé wọ́n ti kọ́ ọ láti wí pé “she carries”, òun sì ń gbé “s” náà lọ sí ibi tí kò sí àyè fún un.

Ẹ̀yìn aṣèrànwọ́ àti ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀rọ̀-orúkọ sábà máa ń wà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀-àpèjúwe rẹ̀. Níbí ni ọ̀nà èdè méjèèjì ti pínyà. Yorùbá ń dárúkọ nǹkan kí ó tó sọ irú èyí tí ó jẹ́: ẹrù wúwo, omi tútù, ilé ńlá. Gẹ̀ẹ́sì ń sọ irú èyí tí ó jẹ́ kí ó tó dárúkọ rẹ̀: “heavy load”, “cold water”, “big house”. Bí ilé náà bá pọ̀, Yorùbá lè wí pé ilé ńlá ńlá, kí ó fi ọ̀rọ̀-àpèjúwe sọ pé ó ju ẹyọ kan lọ. Gẹ̀ẹ́sì kì í fọwọ́ kan ọ̀rọ̀-àpèjúwe rárá. “Big houses” ni yóò wí.

Àṣà sì ti so àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn pọ̀. Nígbà tí ìkùukùu bá ṣú ní Ìgànná, Yorùbá yóò wí pé òjò ńlá lè rọ̀. Bí ọmọ ilé-ìwé bá kọ ọ́ pé “Big rain may fall”, ohun tí ó ń sọ yóò yé ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí àwọn tí ó ni èdè náà ti ń sọ ọ́ nìyẹn. “Heavy rain may fall” ni wọn yóò wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni owó gọbọi tí wọ́n dá lé iṣu jẹ́ “a high price”, kì í ṣe “a big price”. Irú ìwọ̀nyí ni a gbọ́dọ̀ kọ́ ní méjì-méjì, bí ẹni tí ń ra bàtà.

Ibi tí ọ̀ràn ti jinlẹ̀ jù ni pé aṣèrànwọ́ kan lè ní ju ìtumọ̀ kan lọ. “He must buy a new hoe” túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ ra ọkọ́ tuntun, dandan ni. Ṣùgbọ́n “That man must be a rich farmer” kì í ṣe àṣẹ. Ẹni tí ó sọ ọ́ rí ilé àti aṣọ ọkùnrin náà, ó sì rò ó pé àgbẹ̀ olówó ni yóò jẹ́. Síbẹ̀, bí a bá wí pé “A ruler must be a patient man”, dandan ni ó tún padà dà: ẹni tí yóò ṣe olórí gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ẹni tí ó kọ̀wé ń pàṣẹ ni, tàbí ó ń méfò.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, lè, ni ó ń ṣe iṣẹ́ “can” àti “may”. “She can carry a heavy load” ń sọ nípa agbára. “You may take a short rest” ń fún ènìyàn ní àyè láti sinmi díẹ̀. “It may be a long journey” ń sọ ohun tí kò dájú. Nínú gbogbo wọn, Yorùbá lè lo lè. Ẹni tí ó ń túmọ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì ní láti kọ́kọ́ mọ èyí tí òun ń fẹ́.

Kì í ṣe òní ni ọmọ ilẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè méjèèjì wé ara wọn. Òṣogùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti mú Samuel Ajayi Crowther lẹ́rú ní ọdún 1821. Ní ọdún 1822 ni ó dé Freetown lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, níbẹ̀ ni ó sì ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1843 ó tẹ ìwé tí ó to ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tí ó kọ́ èdè àjòjì bẹ́ẹ̀ kò sọ tirẹ̀ nù.

Ọmọ tí ó bá fẹ́ jẹ́ ògbufọ̀ fún àwọn òbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú fo àwọn ọ̀rọ̀ kékeré. Kí ó ka gbólóhùn náà tán, kí ó wo aṣèrànwọ́ inú rẹ̀, kí ó sì wádìí bóyá àyè ni wọ́n fúnni, tàbí èèwọ̀ ni wọ́n ń kà. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó la ẹnu. Bàbá rẹ̀ yóò ṣe ohun tí ó bá gbọ́.