Etí Akẹ́kọ̀ọ́ àti Orúkọ Àdúgbò

Bí mo ti ń múra àtigboyè, etí mi ni mo rí i pé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin tún ṣe jù lọ. Pátákó Alimosho ni n ó fi ṣàlàyé. Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ síbẹ̀ nìyí: Egbeda, Igando, Ikotun. Kò sí àmì ohùn rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ ni fáwẹ̀lì méjì àkọ́kọ́ nínú Egbeda. ‘Sh’ inú Alimosho ńkọ́? Ṣ ni nínú àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, èyí tó sọ ‘aiye’ di ‘ayé’.

Àlejò pọ̀ ládùúgbò wa, pátákó nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Bí ohùn orúkọ bá sọnù, ìtumọ̀ rẹ̀ á bá a lọ. Ìyá àgbà mi ní Igando kò kàwé, àmọ́ àwọn ni olùkọ́ mi nígbà ìsinmi: wọ́n á pe orúkọ, n ó fi àmì sí i, wọ́n á ní kí n kà á padà. (Wọn kì í gba ‘ó jọ ọ́’!) Orúkọ mọ́kànlélógún ló ti wà nínú ìwé mi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti ọ̀nà Ipaja ni.