Gbàǹjo Owó Àtijọ́: Níbo Ni Iye Tó Tọ́ Ti Ń Wá?

Ẹni tó bá ń gbé ní Ekosodin, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fara ti ọgbà Yunifásítì ìlú Bìní ní Ugbowo, á ti máa rí ìpolówó lórí fóònù pé ẹni tó bá bá kọ́bọ̀ oníhò ọdún 1936 nínú àpótí bàbá rẹ̀ ti di olówó. Gbàǹjo ìlú òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Ó yẹ ká mọ bí ilé gbàǹjo ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó na owó tàbí kó ta ohun ìní bàbá rẹ̀.

Alárinà ni ilé gbàǹjo. Sotheby's ti wà láti ọdún 1744, Christie's láti 1766. Spink, tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí owó àtijọ́, tilẹ̀ ka ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ sí 1666. Bí ọlọ́jà bá gbé nǹkan wá, àwọn onímọ̀ ilé náà á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á gbé àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ọjà, wọ́n á sì kọ iye tí wọ́n rò pé ó lè tó síbẹ̀. Àwọn àti ọlọ́jà á tún fẹnu kò ní kọ̀rọ̀ sórí iye kan tí wọn kò ní tà á tí kò bá tó o. Lọ́jọ́ títà, àwọn oníbàárà á máa fi owó lé ara wọn títí ẹnì kan ṣoṣo á fi kù. Òòlù á dún, ọjà á di tirẹ̀.

Iye tí òòlù lù yẹn kò tíì parí. Ilé gbàǹjo á bu owó tiwọn lé e, ó sì sábà máa ń lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí òòlù bá lù ní 1,000 pọ́n-ùn, tí owó ilé jẹ́ ìdá 25, 1,250 ni oníbàárà máa san, kó tó kan owó ìfiránṣẹ́ àti owó ibodè.

Ẹ wá jẹ́ ká yẹ kọ́bọ̀ 1936 náà wò. Nítorí ihò àárín rẹ̀, kò sí orí ọba lára rẹ̀. Adé ló wà lókè ihò, orúkọ Edward Kẹjọ sì yí i ká. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ló wà lójú kejì, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Lára àwọn kan, lẹ́tà kékeré H tàbí KN ń sọ ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ wọ́n ní Birmingham. Ọba yìí kò lo ọdún kan lórí ìtẹ́: January 1936 ló jọba, December ọdún náà ló kọ oyè sílẹ̀. Wọn kò ná owó tó gbé àwòrán rẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì rí. Ìdí nìyẹn tí owó wúrà kan tó ní àwòrán rẹ̀, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tí wọ́n fi dán iṣẹ́ wò, fi lọ ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ní January 2020. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ni onínní àti kọ́bọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lórúkọ ọba kan náà fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Pọ́n-ùn mélòó kan péré ni èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn ń mú wá.

Ọjọ́ orí nìkan kì í sọ nǹkan di ọ̀wọ́n. Maníílà, idẹ tó dà bí ẹ̀gbà ọwọ́ tí ẹnu rẹ̀ là, dàgbà ju kọ́bọ̀ lọ fíìfíì. Àwọn Potogí ló kó o wá sí Bìní, wọ́n fi ra ata àti eyín erin, wọ́n sì fi ra ènìyàn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023 fi hàn pé agbègbè odò Rhine ní Jámánì ni idẹ maníílà àtijọ́ ti wá, òun kan náà ló sì bá ti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà Bìní mu. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba amúnisìn kó o kúrò nílẹ̀ láàárín 1948 sí 1949, iye maníílà tí wọ́n rí gbà lé ní mílíọ̀nù 32.

Lẹ́yìn iye tó wà láyé, ipò tí owó wà ló kàn. Àwọn onímọ̀ ń fún un ní máàkì láti 1 dé 70. Ẹni tó bá fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ kó lè dán ti já iye rẹ̀ wálẹ̀, nítorí àwọ̀ dúdú yẹn wà lára ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó tọ́, kó wá iye tí irú rẹ̀ gan-an, ní ipò kan náà, ti lọ ní gbàǹjo lẹ́ẹ̀mélòó kan. Iye tí ẹnì kan ń bèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni ti san.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: báwo ni ọjà náà ṣe dé ọwọ́ ẹni tó ń tà á? Ìbéèrè yìí ló ká Bìní lára jù. Nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Ọba Ovonramwen ní February 1897, kò pẹ́ tí ẹrù ààfin fi ń jáde ní ilé gbàǹjo Stevens ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2007, Sotheby's ta orí idẹ Ọba kan ní New York ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.7 dọ́là. Ní December 2010, ilé kan náà kéde pé àwọn ìdílé Galway, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ogun 1897, fẹ́ ta ìbòjú eyín erin kan, wọ́n sì fojú bù ú sí mílíọ̀nù 3.5 sí 4.5 pọ́n-ùn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà nílé lóko fárígá. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ.

Òfin ilẹ̀ wa náà sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Lábẹ́ òfin 1979, aṣojú tí àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fọwọ́ sí nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé e kọjá ibodè láìgbàṣẹ. Ẹni tó bá rí idẹ tàbí eyín erin àtijọ́ nílé, mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní King's Square nígboro Bìní ni kó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó bá yín ta kọ́bọ̀, ẹ sá fún un. Owó tí bàbá wa ná lọ́jà ní iye, a sì lè wá a rí. Èyí tí wọ́n fi ìbọn gbà láàfin kò ní iye tó tọ́ lórí àtẹ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n dá a padà fún oní-nǹkan ló tọ́ sí i.