Oògùn Tó Ń Dúró De Ìmọ́lẹ̀

Láti ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n fi platinum ṣe. Oògùn gidi ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fà á sí aláìsàn lára, apá ò ká a mọ́. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dé lòun náà ń dé. Ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè di èèyàn létí. Ìdí rèé tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì fi ń wá oògùn onírin tí yóò máa sùn nínú ara títí dìgbà tí dókítà bá tanná sí i.

Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni TLD-1433, iṣẹ́ ọwọ́ Sherri McFarland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ruthenium, irin wíwúwo kan, ló wà láàárín rẹ̀. Lọ́dún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára èèyàn ní Toronto, ní Kánádà. Àwọn tí jẹjẹrẹ mú ní àpò ìtọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tí BCG kò ṣe lóore. (Bẹ́ẹ̀ ni o, BCG tí wọ́n ń gún fún ọmọ tuntun nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ni wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ yìí.)

Wọ́n á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ rọ oògùn náà sínú àpò ìtọ̀, yóò sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń fà á mu ju sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ le lọ. Wọ́n á fomi ṣan ìyókù jáde, wọ́n á wá ki okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ wọlé, iná lésà aláwọ̀ ewé á sì mọ́lẹ̀ káàkiri inú àpò náà. Aláìsàn ń sùn ní tirẹ̀.

Kí ni iná yẹn ń ṣe? Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú oògùn yóò gba agbára, yóò fò sókè. Nínú ọ̀pọ̀ èròjà aláwọ̀, kíákíá ni yóò padà sílẹ̀. Irin wíwúwo ni kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, torí ó ń yí bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń pòyì padà, ọ̀nà àbọ̀ á sì dí. Àfi bí ẹni tó gbẹ́rù gun àjà, tí wọ́n wá yọ àkàsọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: ẹni tó bá kọjá nísàlẹ̀ ni yóò ju ẹrù sí. Ọ́síjìn ló sábà máa ń kọjá. Ọ́síjìn tó bá sì ti gba ẹrù yìí, oníjàgídíjàgan ló dà. Awọ sẹ́ẹ̀lì o, prótéènì o, èyí tó bá kàn ló ń bà jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà. Kó tó jáde nínú sẹ́ẹ̀lì tó ti bẹ̀rẹ̀, agbára rẹ̀ ti tán. Ohun tó ń kó sẹ́ẹ̀lì tí kò mu oògùn yọ nìyẹn.

Àwọn irin bẹ́ẹ̀ mìíràn kì í pa nǹkan, títàn ni wọ́n ń tàn. Lọ́dún 1990, Jacqueline Barton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ruthenium kan tí kì í tàn nínú omi, àmọ́ tó ń tàn yòò bó bá ti há sáàárín DNA. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ máa ń tàn díẹ̀ bí lésà bá bà á, ṣùgbọ́n wéré ni tirẹ̀ ń kú. Ti irin ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà, ẹni tó ń ya àwòrán lè dúró díẹ̀ kí ti sẹ́ẹ̀lì kú ná.

Lójú tèmi, gbígbé iná dé ibi tí jẹjẹrẹ wà ló nira ju oògùn fúnra rẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé kì í wọ ẹran ara ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Padeliporfin, oògùn palladium tí Yúróòpù fọwọ́ sí lọ́dún 2017 fún jẹjẹrẹ próstéètì, ń lo ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, tó ń wọlé jù bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gba ara gbé ìmọ́lẹ̀ náà débẹ̀.

Nítorí náà, jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tí kò tíì wọnú iṣan ni wọ́n ń dán TLD-1433 wò fún lára èèyàn. Àmì jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, láìsí ìrora. Nílé, a tètè máa ń ní àtọ̀sí ajá ni, a ó sì lọ ra àgbo. Àtọ̀sí ajá tó pẹ́ lára náà lè di jẹjẹrẹ. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ yín, ẹ lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ̀ yín wò.