Ọ̀NÀ WO NI A Ó GBÀ BÁ ARÁ SÁBÓ SỌ̀RỌ̀?

Ẹ̀yin ará, ní 1859 ni Henry Townsend dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kí àwọn Ẹ̀gbá lè máa kàwé ní èdè wọn. Àwọn Haúsá oníṣòwò obì ní Sábó Ṣágámù pẹ̀lú ní èdè tiwọn; odidi Bíbélì sì wà nínú rẹ̀ láti 1932. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ ní gbangba lórí Facebook, ará ilé rẹ̀ lè rí i. Ẹgbẹ́ WhatsApp sì lè fi nọ́ńbà rẹ̀ han àjèjì. Ìlú tí ó rí ìjà Yorùbá àti Haúsá ní 1999 kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré. Nítorí náà, WhatsApp láàárín ẹni méjì péré ni ó yẹ wá: kí a máa fi ohùn, ní èdè Haúsá, fèsì fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá yóò gbọ́.