Onígbọ̀wọ́ kì í ṣe oríṣi ènìyàn kan

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí màmá mi wà ní kí n bá wọn ṣe sọ́fítíwíà tí wọ́n á fi máa tọ́jú àkọsílẹ̀ owó. Mo mọ kóòdù kọ, mo sì rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ti pọ̀ jù. Mo wo ìwé akápò wọn fìrí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wàhálà dé. Ẹnì kan yá 200,000 náírà, kò san án padà. Nígbà tí wọ́n máa mú onígbọ̀wọ́ rẹ̀, ìyẹn ti gba gbogbo owó tó fi pamọ́ jáde. Sọ́fítíwíà mi ló gbà fún un! Nínú ìwé àtijọ́, akápò máa ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ onígbọ̀wọ́. Mo rí ìlà yẹn o. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Àṣìṣe mi rèé: mo ṣe class mẹ́ta, Ọmọ-ẹgbẹ́, Ayáwó àti Onígbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan náà lè fowó pamọ́ láàárọ̀, kó yáwó lọ́sàn-án, kó sì ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Nínú sọ́fítíwíà mi, ó ti di ènìyàn mẹ́ta tí kò mọ ara wọn rí.

Object ni ohun tó di ìmọ̀ tirẹ̀ mú, tó sì mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Èrò yìí ti pẹ́: Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ló ṣe èdè Simula ní Norway láàárín ọdún 1960 sí 1969, kí kọ̀ǹpútà lè ṣàfarawé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé. Analysis ni kéèyàn kọ́kọ́ béèrè àwọn ohun tó wà nínú òwò náà àti bí wọ́n ṣe kan ara wọn. Design ni kéèyàn pín iṣẹ́ fún wọn. Èmi fo ti àkọ́kọ́.

Lọ́dún 1989, Kent Beck àti Ward Cunningham kọ nípa káàdì kéékèèké: orúkọ class, iṣẹ́ rẹ̀, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Mo gé páálí bisikíìtì, mo gbé e lọ bá akápò. Èmi di káàdì Ìfowópamọ́ mú, màmá di Ẹ̀yáwó mú. Mo ní, “Ẹnì kan fẹ́ gba owó rẹ̀.” Màmá ní, “Ọmọ mi, ṣé o ti bi mí bóyá ó dúró fún ẹnikẹ́ni?” Káàdì mi ò ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ọmọ-ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló yẹ kó wà. Ìgbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀ wá di object: ó so ọmọ ẹgbẹ́ mọ́ ẹ̀yáwó kan, ó sì mọ iye tó dè mọ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní 120,000, tí ìgbọ̀wọ́ sì de 80,000, 40,000 péré ló lè gbà. Bí ẹ̀yáwó bá tán, ó tú u sílẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ràn àwòrán UML. Ó dáa, pàápàá bí ẹ bá pọ̀ nídìí iṣẹ́ kan, àmọ́ n ò rò pé akápò ì bá bá mi jiyàn lórí àpótí àti ọfà.

Wọ́n ti ń lo ti tuntun báyìí. Màmá ṣì ń fa ìlà pupa nínú ìwé wọn, n ò sì bá wọn jà.